Ẹ Wá Bá Ìgbín Ṣeré: Bí A Ṣe Ń Fi Fóònù Ya Àwọn Ẹ̀dá Kéékèèké Ẹ̀yìnkùlé

Bí òjò bá dá ní ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣì tutù rinrin, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìgbín á ti jáde. Ìwo mẹ́rin ló ní: méjì gígùn lókè, méjì kúkúrú nísàlẹ̀. Ṣóńṣó àwọn tòkè yẹn ni ojú rẹ̀ wà, ó dúdú, ó sì kéré bí orí abẹ́rẹ́. Àwọn tìsàlẹ̀ ló fi ń gbóòórùn ọ̀nà. Ẹ rọra fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Ìwo náà á ká wọnú ara rẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń yí sódì. Ẹ má mira. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún yọ wọ́n, ọ̀kan á ṣáájú, èkejì á tẹ̀ lé e, bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé wò ó bóyá àlejò ti lọ.

Bí ẹ ṣe máa fi fóònù mú irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn yín. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ya àwọn ẹ̀dá kéékèèké ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn, láàárín ewédú, ata, igi ọsàn kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo wọn ló ti ní eré tiwọn nínú ìwà wọn. Tiwa ni ká tẹ́ ẹní sílẹ̀, ká wá ìmọ́lẹ̀, ká sì ní sùúrù. Èyí tí a bá fi ipá mú wọn ṣe kì í dùn ún wò, torí ẹ̀dá tí ẹ̀rù ń bà máa ń sún kì ni, gbogbo ẹni tó bá wo fọ́tò náà ló sì máa rí i.

Ẹ kọ́kọ́ kó irinṣẹ́ jọ

Kò pọ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti tó, ì báà jẹ́ Tecno, Infinix tàbí Samsung. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀rá ìka máa ń jẹ́ kí fọ́tò rí bí ìgbà tí kùrukùru bolẹ̀.

Ọ̀pọ̀ fóònù tí kò wọ́n ló ní ojú kámẹ́rà kékeré kan tí wọ́n kọ macro sí (ìyẹn, ti yíya ohun tó súnmọ́ gan-an), tí agbára rẹ̀ kì í ju megapixel 2 lọ. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ojú kámẹ́rà ńlá ni kí ẹ lò, kí ẹ dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sí ẹ̀dá náà, kí ẹ wá gé etí àwòrán dànù tẹ́ ẹ bá délé. Bí ẹ bá fẹ́ sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́ǹsì kékeré kan wà tí wọ́n ń há mọ́ fóònù bí a ṣe ń fi pẹ́ẹ̀gì há aṣọ sórí okùn. Kò wọ́n. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè fi ojú kámẹ́rà súnmọ́ eèrà títí tó fi máa ku sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, kí ẹ sì rí irun ara rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ wá ẹní kan, bébà funfun kan tàbí méjì, ike tí ẹ lè fi wọ́n omi winniwinni, àti àpò aṣọ kékeré tí ẹ rọ ìrẹsì tàbí ẹ̀wà sí. Orí àpò yìí ni fóònù máa jókòó lé tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n. Ẹ tún mú aṣọ àdìrẹ kan dání. Mo máa sọ iṣẹ́ rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ mọ àkókò olúkúlùkù

Kòkòrò kò ní ooru ara tirẹ̀ bíi ti ènìyàn, oòrùn ló ń yá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ àárọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì lè sáré. Ẹ máa bá lámilámi lórí koríko tí ìrì ti bò ó, ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa dán bíi dígí. Labalábá náà á ya ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí oòrùn lè bà á. Lákòókò ọyẹ́, tí òtútù òwúrọ̀ bá mú dáadáa, ẹ lè wà lọ́dọ̀ tata kan fún ìdajì wákàtí kó má ṣí nídìí.

Ti alángbá yàtọ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ á ṣú bí eérú. Ẹ jẹ́ kí oòrùn gùn orí ògiri, kó tó bíi aago mẹ́wàá, akọ á ti di ẹlòmíràn: orí rẹ̀ á pọ́n bí epo, ara rẹ̀ á dá àwọ̀ aró. Ìgbà yẹn ló máa ń gun ibi gíga, tí á máa mi orí, tí á sì máa na apá, tí á tún máa ká a bí ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá. Ó ń sọ fún àwọn akọ yòókù pé òun ló ni ibẹ̀ ni.

Ìgbín ní tirẹ̀, ìrọ̀lẹ́ àti ẹ̀yìn òjò ni. Ẹ má ṣe gbé e jáde ní ọ̀sán. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọ̀kan sórí pèpéle nínú oòrùn torí pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ wù mí. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó, ó sì kó gbogbo ara rẹ̀ wọnú ìkaraun. Mo sáré gbé e lọ sí ibi tútù, mo wọ́n omi sí i. Ó di alẹ́ kó tó yọjú. Ó dùn mí gan-an, mi ò sì dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ya ohunkóhun

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìmú fóònù jáde. Ẹ kàn jókòó sójú kan. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi rìn wọlé ti kó jìnnìjìnnì bá gbogbo wọn, wọ́n ti sá pamọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lásìkò yìí, ẹ máa wo àmì. Ewé tí ihò wà lára rẹ̀ ní ẹni tó jẹ ẹ́. Ọ̀nà tó ń dán lórí ògiri, ìgbín ló gba ibẹ̀ kọjá. Ewé máńgòrò tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù, ilé eèrà pupa ni: àwọn àgbà eèrà á fẹnu di etí ewé méjì mú, wọ́n á wá gbé ọmọ wọn tí kò tíì dàgbà, òwú tó ń jáde lẹ́nu ọmọ yẹn ni wọ́n fi ń rán ewé pọ̀. Ẹ máa wò ó lókèèrè o, wọn kì í gba gbẹ̀rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí igi ọsàn wa, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí nǹkan kan lórí ewé rẹ̀ tó dúdú, tí funfun díẹ̀ wà láàárín rẹ̀. Mo rò pé ẹyẹ ló yàgbẹ́ síbẹ̀. Mo ń bọ̀ wá nu ún kúrò ni mo rí i tó jẹun. Ọmọ labalábá ńlá dúdú tó ní àmì aláwọ̀ ìyeyè ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Papilio demodocus. Nígbà tó ṣì kéré, ó máa ń ya ara rẹ̀ bí ìgbẹ́ ẹyẹ kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́. Tó bá dàgbà díẹ̀ sí i, á bọ́ awọ yẹn sílẹ̀, á sì di àwọ̀ ewé. Bí nǹkan bá wá fọwọ́ kàn án, ìwo méjì tó pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n á yọ fìrì lẹ́yìn orí rẹ̀, òórùn líle á sì bá a jáde. Kó tó ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti fà á wọlé padà. Mo ní fọ́tò kan ṣoṣo tí ìwo náà ti hàn, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣọ́ ọ. Eèrà kan ló gùn ún lẹ́yìn lọ́jọ́ náà, inú bí i, ó yọ ìwo, mo ti tẹ̀ ẹ́.

Ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ojú yín àti ojú rẹ̀ ṣe déédéé

Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni kí ẹ mú. Tí ẹ bá nàró, tí ẹ wá ya ọ̀pọ̀lọ́ láti òkè, ẹ máa rí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, bí òkúta tí wọ́n jù sílẹ̀. Tí ẹ bá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, tí fóònù sì fara kan ilẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan náà á di baálẹ̀ tó jókòó ga lórí àga, ikùn rẹ̀ á yọ, ẹnu rẹ̀ á gbòòrò, ojú rẹ̀ á máa wò yín tààrà.

Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀. Ẹ gbé fóònù lé àpò ìrẹsì. Ojú kámẹ́rà sábà máa ń wà lápá òkè fóònù, nítorí náà ẹ yí fóònù sódì kí ojú kámẹ́rà lè wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohun kékeré báyìí ló sọ fọ́tò mi di mìíràn.

Ẹ wá fi ìka tẹ ojú ẹ̀dá náà lójú fóònù, kí ẹ má tètè gbé ìka kúrò. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, kámẹ́rà á di ibẹ̀ mú, kò ní máa wá ibòmíràn kiri. Àmì oòrùn kékeré kan á hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀ kí àwòrán má mọ́lẹ̀ jù, torí ara ìgbín tó tutù àti ẹ̀yìn kòkòrò tó ń dán máa ń tàn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí a bá súnmọ́ nǹkan tó báyìí, ibi tínńrín ló máa ń mọ́ kedere, ìyókù á ṣú. Bí ojú bá mọ́, tí ìrù ṣú, fọ́tò yẹn dára. Bí ìrù ló mọ́, tí ojú ṣú, ẹ tún un yà.

Ẹ má fi ìka méjì fa àwòrán tóbi lójú fóònù. Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fi súnmọ́ ọn. Fún ẹ̀dá tó ń mira, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ (lórí àwọn fóònù kan, ẹ máa fà á sísàlẹ̀ ni) kó máa yà á léraléra. Nínú ogún, ẹ lè rí ẹyọ kan tó dára, ẹyọ kan náà sì ti tó.

Ìmọ́lẹ̀ àti ẹ̀yìn

Iná fóònù kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ó máa ń fọ́ wọn lójú, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn dúdú kirikiri. Ẹ ti bébà funfun sí ẹ̀gbẹ́ tí òjìji wà, ìmọ́lẹ̀ á ta padà sára ẹ̀dá náà, ẹ máa rí ìyàtọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ alẹ́ ni, ẹ fi tíṣù bo tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíràn bá yín dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àdìrẹ wá dé. Ẹ fi í kọ́ sẹ́yìn ẹ̀dá náà, kó jìnnà tó bí ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì. Ìyàwòrán ara rẹ̀ á ṣú, aró rẹ̀ nìkan á kù, bí ojú ọ̀run lẹ́yìn tí òjò dá. Tata aláwọ̀ ìyeyè àti dúdú tó máa ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ibi tó ti lẹ́wà tó iwájú àdìrẹ. Kì í kánjú pẹ̀lú, torí òórùn burúkú ara rẹ̀ ń lé àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ sá.

Ó ti di eré wàyí

Ti ìgbín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí kì í sáré. Àwọn tó dàgbà ní abúlé á rántí mọ́tò tí a máa ń fi agolo sàdíìnì ṣe, tí ìdérí ìgò jẹ́ táyà rẹ̀. Ẹ ṣe ọ̀kan. Ẹ fi òkúta lu etí agolo náà kó má baà gé ìgbín. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà ìyeyè, ẹ fa ìlà dúdú méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bíi danfo Èkó, kí ẹ jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ pátápátá kí òórùn rẹ̀ sì lọ, ó kéré tán ọjọ́ méjì. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé e sí ọ̀nà tí ìgbín máa gbà, ẹ gé ìbẹ́pẹ pípọ́n sí òdì kejì, kí ẹ wá lọ jókòó. Á gbóòórùn ìbẹ́pẹ, á gun danfo, á fi ìwo wo iwájú bíi awakọ̀, á sì sọ̀kalẹ̀ ní òdì kejì. Ẹ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú díẹ̀ láti yà á, ó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló wọkọ̀.

Tí ọmọdé bá wà nílé, ẹ jẹ́ kó bá yín ṣe èyí. Ìgbín á wà lórí pèpéle, fóònù á wà ní nǹkan bí ìdajì mítà sí i. Kí ọmọ náà lọ dúró ní bíi mítà mẹ́ta sẹ́yìn, kó tẹ̀ síwájú, kó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń ti mọ́tò tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ máa sọ fún un pé kó lọ sápá ọ̀tún, kó bọ̀ sápá òsì, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á fi bọ́ sẹ́yìn ìkaraun. Lójú fóònù, á dà bíi pé ọmọ ń ti ìgbín tó tóbi gan-an! Bí fóònù yín bá ní ojú kámẹ́rà afẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ 0.5 sí, ẹ fi ìyẹn náà dán an wò, torí ó máa ń mú ohun tó wà nítòsí àti èyí tó wà lókèèrè mọ́ pọ̀.

Alángbá kò nílò mọ́tò. Wọ́n ní ó já láti orí ìrókò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣẹ́, ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun á yin ara òun. Ẹ to bíríkì méjì tàbí mẹ́ta síbi tó ti máa ń yáàrùn, ẹ lọ jókòó jìnnà. Kò ní pẹ́ tó máa gun orí rẹ̀, torí ibi gíga ló fẹ́. Ẹ ti gbé fóònù kalẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó máa ya fídíò fúnra rẹ̀. Ẹ máa yọ àwòrán inú fídíò náà níbi tó bá ti gbórí sókè jù lọ.

Aláǹtakùn kékeré kan wà tó máa ń fò kiri lára ògiri, tí kì í ta òwú dúró de ẹran. Ojú mẹ́jọ ló ní, méjì ńlá sì kọjú síwájú bíi gíláàsì arúgbó. Ẹ gbé lẹ́ǹsì àhámọ́ súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Á yí gbogbo ara padà, á wò yín. Tí ẹ bá sún sápá ọ̀tún, á tún yí sọ́dọ̀ yín. Nígbà mìíràn á rí òjìji ara rẹ̀ nínú dígí kámẹ́rà, á gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè bí ẹni ń kí ọba. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Agẹmọ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù rẹ̀, àwọn kan sì ń sọ ọ́ lókùúta pa. Kò ní oró. Ẹ má gbé e sórí aṣọ pupa pé kó di pupa; inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Fídíò ló bá a mu ju fọ́tò lọ. Ẹ wo bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ tó dà bí ẹ̀mú, tó ń mì síwájú mì sẹ́yìn kó tó tẹ̀ ẹ́, tí ojú ọ̀tún ń wo yín, tí tòsì ń wo eṣinṣin. Wọ́n ní alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ tán, àìmọ̀jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Èmi ò tíì rí èyí tí kò mọ̀ ọ́n jó.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe

Àwọn kan máa ń ki kòkòrò bọ fíríìjì kó lè dákẹ́, àwọn kan ń fi okùn tàbí gọ́ọ̀mù mú un dúró kó lè di agbòjò ewé mú. Ẹ̀dá tó ń jẹ̀rora ni wọ́n ń pè ní eré. Ẹ má ṣe é, ẹ má sì máa pín irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kiri. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ dé ibi tí ìgbín wà. Tí ẹ bá bá ẹyin tàbí ìtẹ́, ẹ fi ewé bò ó padà bó ṣe wà.

Ẹ dáàbò bo ara yín pẹ̀lú. Bàtà òjò ni kí ẹ wọ̀ wọ inú koríko, kí ẹ sì fi igi tú ilẹ̀ wò kí ẹ tó dùbúlẹ̀, torí ejò. Kòkòrò onírun, ẹ má fọwọ́ kàn án, yóò yún yín. Ẹ ṣọ́ra dáadáa fún kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní champion fly, nítorí pé ó kéré: ó tínńrín, ó ní dúdú àti àwọ̀ ọsàn lára, iná alẹ́ sì máa ń fà á. Tó bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa. Omi ara rẹ̀ ló ń bó awọ bí iná. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìgbín tàbí ọ̀pọ̀lọ́, kó fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ojú tàbí oúnjẹ.

Tí ẹ bá parí

Ẹ pa èyí tí kò dára rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó kù, ẹ gé etí rẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú ojú ẹ̀dá náà kó lè dà bíi pé ó ní ibi tó ń lọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sábẹ́ rẹ̀, ní èdè tiwa. Mo kọ "Ọ̀jọ́ta, wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín" sábẹ́ ìgbín inú danfo, ìyá mi sì ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún òun. Ó wà lára ògiri yàrá rẹ̀ títí di òní.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ kó agolo, bébà àti àdìrẹ kúrò. Ẹ gbé ìgbín padà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí ẹ ti rí i, kí ẹ kọ orí rẹ̀ sí ibi tó dojú kọ tẹ́lẹ̀.